Òdo tí Kinect kọ kò túmọ̀ sí pé nǹkan wà nítòsí

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà darí Kinect àkọ́kọ́, kámẹ́rà tó ń wọn ìjìnnà, èyí tí Microsoft gbé jáde fún ẹ̀rọ géèmù Xbox 360 lọ́dún 2010, SDK Microsoft (àkójọ irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) tàbí libfreenect, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, lẹ máa fi sí i. Ìyẹn kò le. Iṣẹ́ wà nínú nọ́ńbà ìjìnnà tí kámẹ́rà náà ń kó wá nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi lọ tó fi bọ̀ ló ń kà. Kinect ti 2013 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní iná laser infrared kan tí ojú kì í rí, tó ń wọ́n àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín sára gbogbo ohun tó wà nínú yàrá. Kámẹ́rà tó ń wo àwọn àmì náà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5 jìnnà sí iná ọ̀hún. Ẹ na ìka kan síwájú imú, kí ẹ máa di ojú kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé: ìka á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bó bá sì ṣe sún mọ́ imú tó ló ṣe máa yẹ̀ tó. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ̀ ni Kinect fi ń ṣírò ìjìnnà. Ọgbọ́n gidi ni, torí kámẹ́rà lásán tí kò wọ́n ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dúró síwájú ògiri, ibì kan máa ń wà lára ògiri náà tí kámẹ́rà ń rí, àmọ́ tí ara onítọ̀hún kò jẹ́ kí iná dé. SDK á kọ 0 síbẹ̀. Bákan náà ni ojú fèrèsé onígíláàsì, àti ibi tí oòrùn ràn sí. Òdo yẹn ń sọ pé "mi ò rí i", kì í ṣe pé nǹkan ti fara kan kámẹ́rà. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ju mítà 0.8 lọ gan-an, kì í sábà lè wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá wá fi d pe ìjìnnà ní mìlímítà, tí ẹ kọ ọ́ pé kí róbọ́ọ̀tì dúró tí d < 1000, òjìji lásán á dá a dúró. Ẹ kọ d > 0 && d < 1000. Nọ́ńbà tútù, tí a kò tíì yí sí mìlímítà, tí libfreenect ń kó wá dáa ju èyí lọ: 2047 ló ń kọ síbi tí kò rí, kò sì sẹ́ni tó máa ka ìyẹn sí nítòsí.