Líǹkì tó ṣì máa ṣí lọ́la: kí ni permalink?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sílé ní Àpáta, iná wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì dúró. Mo wọ láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo rí àpilẹ̀kọ kan tí a ti ń wá kiri, mo kọ́pì àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè pátápátá, mo jù ú sí WhatsApp kíláàsì wa, mo lọ sùn. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ti dé. "Ẹ̀gbọ́n, kò ṣí o." "Ó ní kí n san dọ́là." Àbúrò kan tiẹ̀ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́: "session expired" nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. Ohun tí mo kọ́pì kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì àpilẹ̀kọ náà. Tèmi ni, ti ìjókòó alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ rántí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fún yín ní ọsibítù láàárọ̀ kí ẹ tó rí dókítà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹni ketàdínlógún lónìí. Ẹ gbé páálí yẹn padà wá lọ́la, ẹlòmíràn ni ẹni ketàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni session ṣe rí. Láíbìrì fún mi ní nọ́ńbà fún àkókò díẹ̀, nọ́ńbà náà wọnú líǹkì, àkókò pé, ó parí.

Permalink ni ó yẹ kí n fi ránṣẹ́: líǹkì tí wọ́n dìídì ṣe fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, tí kò dúró lórí ẹni tó ṣí i tàbí ìgbà tó ṣí i. Lórí JSTOR, tó jẹ́ wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ń kó àpilẹ̀kọ sí, ọ̀rọ̀ "stable" (èyí tó dúró ṣinṣin) gan-an wà nínú rẹ̀: jstor.org/stable/, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àpilẹ̀kọ. Lórí EBSCO, tó jẹ́ irú wẹ́ẹ̀bù bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pín líǹkì (share tàbí permalink) ni ẹ ó wá. Ẹ má wo òkè. Ẹ wá bọ́tìnnì náà.

Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fún àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, ará Ìbàdàn kò sì nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní Mápó tàbí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ta ló ń fi nọ́ńbà ilé wá èèyàn? Agbo ilé là ń béèrè. Bí ẹni tí ẹ ń wá bá tiẹ̀ ti kó lọ sí Ológunẹ́rù láti ọdún márùn-ún, ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á ní, "Kò sí níbí mọ́, ẹ wọ mọ́tò báyìí, ẹ sọ̀ níbi báyìí." Orúkọ agbo ilé kò yí padà, ibi tí ọmọ ilé ń sùn ló yí.

doi.org ni ìyá àgbà yẹn. Kò ní àpilẹ̀kọ kankan nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó júwe. Ẹ wo https://doi.org/10.1000/182, tó ń gbéni lọ síbi ìwé atọ́nà DOI fúnra rẹ̀. 10 ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo DOI. 1000 ni nọ́ńbà ẹni tó forúkọ sílẹ̀, bí orúkọ agbo ilé. 182, tó wà lẹ́yìn síláàṣì, ni orúkọ ọmọ náà, olùtẹ̀jáde ló sì ń sọ ọ́. Fún àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, Crossref ló máa ń forúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ jù. Àwọn olùtẹ̀jáde ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000.

Àmọ́ ìyá àgbà kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Bí jọ́nà bá kó kúrò lórí wẹ́ẹ̀bù kan bọ́ sórí òmíràn tí olùtẹ̀jáde kò sì lọ tún àdírẹ́ẹ̀sì ṣe, ibi òfìfo ni DOI á mú yín dé. Àwọn tó ń pè é ní líǹkì tí kì í kú ń ṣe àsọdùn. Títọ́jú ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ tí kò fi kú.

Nǹkan kan ṣì kù tó máa ń dààmú àwọn èèyàn: permalink ń mú yín dé ẹnu ọ̀nà, kò fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá san owó fún jọ́nà kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà ni jọ́nà náà sábà máa fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá wà nílé pẹ̀lú dátà tirẹ̀, àlejò ni lójú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àbúrò wa san dọ́là. Ohun tí láíbìrì ń ṣe sí i ni proxy. Wọ́n á fi gbólóhùn kan ṣíwájú permalink, tí ó sábà máa ń parí sí login?url=, kí líǹkì náà lè kọ́kọ́ béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè gbólóhùn ti ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́ láíbìrérìàn. Jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò nílò rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi PDF ránṣẹ́?" Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, PDF sì rọrùn. Ṣùgbọ́n àdéhùn ọ̀pọ̀ jọ́nà kò gba pé kéèyàn máa pín fáìlì kiri, iye ìgbà tí àwọn èèyàn ṣí jọ́nà sì wà lára ohun tí láíbìrì ń wò kó tó tún owó rẹ̀ san. PDF tó ń ti WhatsApp bọ́ sí WhatsApp, kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ọn.

Kí n tó fi líǹkì ránṣẹ́ báyìí, ojú ìwé incognito, èyí tí kò rántí pé mo ti wọlé tẹ́lẹ̀, ni mo kọ́kọ́ fi ń ṣí i. Bó bá ṣí níbẹ̀, tàbí tó béèrè páswọ́ọ̀dù láìjanpata, ó dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, abẹ́ àkọlé àpilẹ̀kọ náà ni mo ti rí DOI rẹ̀. Mo fi gbólóhùn láíbìrì ṣíwájú rẹ̀, mo tún un fi ránṣẹ́. Àbúrò tó ya àwòrán ló kọ́kọ́ fèsì: "Ó ti ṣí o, ẹ̀gbọ́n. Ojú-ewé méjìlélógójì kẹ̀?"