Kọ̀ǹpútà Tó Kọ Ìmúdójúìwọ̀n: Aago Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kọjá, kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn lórí ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Windows 7 ni ó wà nínú gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí ó gba ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí àwọn oníbàárà mi ń pè ní àpúdéètì. Mẹ́rin nínú wọn ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnì kan ti kó ètò apa-fáírọ́ọ̀sì mẹ́ta sínú ọ̀kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń bá ara wọn jà. Ẹlòmíràn ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ó ni òmíràn pé òun pààrọ̀ RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bí ẹni pé RAM ni ó ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ gbé ìmúdójúìwọ̀n bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni karùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù, nítorí pé olùkọ́ ni, ó kàwé. Ó ní láràárọ̀ tí òun bá tan kọ̀ǹpútà òun ni ọjọ́ inú rẹ̀ máa ń padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, pé òun ti ro ẹjọ́ fún wòlíì òun, wòlíì sì ti rí i pé àwọn ará ilé bàbá òun ni ó ń fa ọwọ́ aago òun sẹ́yìn. Ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó rántí pé ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà ní àdúgbò.

Kò sí ọwọ́ ará ilé kankan níbẹ̀. Bátìrì ni. Lórí pátákó ńlá tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní motherboard, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà tí ó rí bí owó ẹyọ. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà kì í sì í ṣe àdììtú: ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó mìlímítà 3.2, fólìtì 3 sì ni agbára rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mìíràn, wọ́n máa ń fi rọ́bà wé e, wáyà tín-ín-rín méjì yóò sì yọ lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí aago inú ẹ̀rọ máa lọ nígbà tí kò sí iná. Bí ó bá ti kú, aago yóò padà sí ọjọ́ tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, èyí tí kì í sábà jìnnà sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ibi tí 2009 olùkọ́ wa ti wá nìyẹn.

Àwọn tí ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà ní òkè òkun máa ń sọ pé bátìrì yìí ń pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kú, òótọ́ sì ni wọ́n ń sọ nípa ọ̀dọ̀ tiwọn. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ṣì wà lójú iná, bí a tilẹ̀ pa á, iná díẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀, iná yẹn ni aago ń jẹ, bátìrì a sì máa sinmi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, iná lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹni tí ó sì ń bẹ̀rù kí iná má jó ẹ̀rọ òun yóò tún pa á lára ògiri kí ó tó lọ sùn, nítorí náà ara bátìrì kékeré yẹn ni aago yóò ti máa jẹun ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn. Kí ẹ wá fi kún un pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wa, pé wọ́n ti lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ rà wọ́n, àti pé kò sí ẹni tí ó yẹ bátìrì wọn wò kí wọ́n tó dì wọ́n sínú àpótí.

Ẹ ó béèrè pé kí ni aago bá ìmúdójúìwọ̀n pàdé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà Microsoft, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Windows, sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í kàn ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ béèrè ìwé ẹ̀rí, kí ó lè mọ̀ pé ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà pé ọdún 2009 ni a wà yóò wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún tí ó kọjá, yóò sì fi ojú ọmọ tí a kò tíì bí wò ó. Ó máa ti ilẹ̀kùn ni. Windows Update yóò wá gbé nọ́ńbà 80072F8F sókè, nọ́ńbà yìí sì ń sọ fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ pé kí a lọ wo ọjọ́ àti aago. Mo ti rí ẹni tí ó ya fọ́tò nọ́ńbà yìí, tí ó fi í sínú fóònù fún oṣù méjì, tí kò sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná, bí ó bá sì jẹ́ alágbèéká, ẹ yọ bátìrì ńlá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí aago bá tún padà sẹ́yìn, bátìrì tuntun ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí oòrùn ti ń pa lórí àtẹ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń tún aago ṣe, ẹ má gbàgbé agbègbè aago, nítorí pé tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà dé sábà máa ń ní aago ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lò ó. Ẹni tí ó bá kàn fi ọwọ́ yí wákàtí rẹ̀ títí ó fi bá ti wa mu, tí kò sì yan West Central Africa, ti tan ara rẹ̀ jẹ: aago ògiri rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìṣirò inú ẹ̀rọ fi ọ̀pọ̀ wákàtí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí aago bá ti pé tí ìmúdójúìwọ̀n kò sì wọlé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni ó kàn. Gbogbo ohun tí Microsoft bá fi ránṣẹ́ ni ó ní òǹtẹ̀ lára, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá àti pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ bà á lójú ọ̀nà. Ọ̀nà ìṣirò tí ń jẹ́ SHA-1 ni wọ́n ń lò fún un láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti Google àti láti ilé ìwádìí CWI ní Amsterdam gbé fáìlì PDF méjì tí ó yàtọ̀ síra jáde, tí ìṣirò SHA-1 ti àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹni méjì bá lè ní ìtẹ̀ka kan náà, ìtẹ̀ka kò wúlò fún ọlọ́pàá mọ́. Ní ọdún 2019 ni Microsoft kó ìmúdójúìwọ̀n Windows 7 kúrò lórí SHA-1, wọ́n sì kó o sórí SHA-2. Windows 7 tí ẹ fi díìsìkì ọdún 2011 gbé wọ inú ẹ̀rọ kò mọ òǹtẹ̀ tuntun yẹn kà; bí ẹ bá gbé ojúlówó fún un, yóò pè é ní ayédèrú, 80092004 sì ni nọ́ńbà tí yóò sábà fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé Service Pack 1, ìyẹn àkójọ ìmúdójúìwọ̀n ńlá ti Windows 7, wà lórí rẹ̀, kí ẹ lọ sí ojú òpó Microsoft Update Catalog, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bí ti yín kò bá lè débẹ̀, kí ẹ gba ìmúdójúìwọ̀n méjì tí ń jẹ́ KB4490628 àti KB4474419 sórí fláàṣì. Èyí tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tún un tàn, kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Ẹ yan x64 bí Windows yín bá jẹ́ 64-bit, tàbí x86 bí ó bá jẹ́ 32-bit. Mo gbà pé ẹ mọ ìyẹn.

Èyí tí ó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìmúdójúìwọ̀n kan bá já sí méjì nígbà tí ó ń wọlé, àjákù rẹ̀ yóò wà nínú fódà SoftwareDistribution tí ó wà nínú fódà Windows, òun ni yóò sì máa dí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ fi net stop wuauserv àti net stop bits dá iṣẹ́ náà dúró, ẹ yí orúkọ fódà yẹn padà sí ohunkóhun tí ó bá wù yín, kí ẹ fi net start dá àwọn méjèèjì padà. Windows yóò ṣe fódà tuntun fúnra rẹ̀. Lẹ́tà yín, fọ́tò yín àti orin yín kò sí nínú fódà yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín.

Ní ti iná tí ó lọ nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n ń wọlé lọ́wọ́, nígbà tí ó bá dé, kọ̀ǹpútà yóò kọ ọ́ sójú pé òun kò rí iṣẹ́ náà ṣe parí, pé òun ń dá ohun gbogbo padà sí bí ó ti wà, kí a má ṣe pa òun. Ó lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á sì tẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn lórí. Ẹ̀rọ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má ṣe pa òun, kí ló dé tí ẹ fi ń pa á? Ẹni tí kò bá ní ínfátà, tí kò sì ní bátìrì alágbèéká tí ó lè gbé e fún wákàtí méjì, kí ó dúró di ìgbà tí ó bá gbé jẹnẹrétọ̀ tí epo kún inú rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó tẹ Install.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín pẹ̀lú: ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìmúdójúìwọ̀n ọ̀fẹ́ fún Windows 7 dópin, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń sanwó fún àfikún sì gba ti ìkẹyìn ní oṣù kìíní ọdún 2023. Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣàlàyé láti òkè wá yóò kó èyí tí ó ti jáde ṣáájú ọjọ́ wọ̀nyẹn wọlé, kò sì ní bí tuntun. Kì í ṣe ohun eré, nítorí pé ní oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé ìmúdójúìwọ̀n MS17-010 jáde, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún náà ni fáírọ́ọ̀sì tí ń jẹ́ WannaCry ti ihò tí ìmúdójúìwọ̀n yẹn dí wọlé sára àwọn tí kò gbà á, títí tí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá aláìsàn padà sílé. Windows 7 ni ó wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó kó o. Bí ẹ̀rọ yín bá ní RAM 4GB, Linux Mint, ètò tí a lè fi rọ́pò Windows, yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn tí mo ní í bá wí kọ́ ni ẹ̀yin oníbàárà, bí kò ṣe àwọn tí ó gbé tábìlì síta, tí wọ́n kọ "Ẹnjiníà" sí i lára, tí oògùn kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ jẹ́ fọ́ọ̀màtì. Yorùbá ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń bẹ́ ẹ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tí ó ń ṣe káfè lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń bá wọn tẹ̀. Ìmúdójúìwọ̀n kò wọlé, ó ké sí ọmọkùnrin kan, ọmọkùnrin náà kò béèrè bóyá ohun kan wà nínú ẹ̀rọ, ó ki díìsìkì bọ̀ ọ́, ó fọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́, ó gbé Windows 7 mìíràn lé e lórí, ó sì gbowó rẹ̀ lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀.

Mo fi PhotoRec wá àwọn fáìlì náà fún òru méjì. Ètò yẹn máa ń rí fáìlì, ṣùgbọ́n kì í mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà f àti ìlà nọ́ńbà ni ó ń fi sọ wọ́n lórúkọ. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ kí ó lè mọ ọmọ tí ó ni ín, ó sì ń fi gègé kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹ̀kásásàìsì. Àwọn kan wà tí Windows tuntun ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tí a lè fi jí wọn dìde mọ́.

Nígbà tí a parí, mo tan kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, mo sì ṣí Windows Update. Nọ́ńbà 80072F8F ni ó jókòó síbẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni aago ń kà. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo fi mítà mi wọn bátìrì, kò pé fólìtì kan àbọ̀. Mo yọ ọ́, mo gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé kì í ṣe irú èyí tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọkọ mi nìyí?"

Mo ní, "Òun ni, mà."