Iṣẹ́ abẹ ọkàn olójú ọgbẹ́ kékeré

Iṣẹ́ abẹ ọkàn olójú ọgbẹ́ kékeré ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ láti dé ara ọkàn nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dí, láìla egungun àárín àyà sí méjì. Ojú ibi tí wọ́n ń gbà wọlé máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, láàárín egungun ìhà méjì lápá òsì.

Ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Bí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan tó ń bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ọ̀nà á fún, àyà á sì máa ro ẹni náà bó bá ń rìn tàbí tó ń gun àtẹ̀gùn. Òògùn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò: nitroglycerin tó ń mú iṣan dẹ̀, beta-blocker tó ń dín eré ọkàn kù, statin tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àti aspirin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òògùn nìkan tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, tàbí tí ibi tó dí léwu púpọ̀, ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ kàn.

Tuntun ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ láyé. Ní 1964, ní Leningrad (St. Petersburg ní Rọ́ṣíà lónìí), dókítà oníṣẹ́ abẹ Vasilii Kolesov gba ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé, ó sì rán iṣan inú àyà mọ́ iṣan ọkàn nígbà tí ọkàn ṣì ń lù. Nígbà tó di 1967, dókítà René Favaloro, ọmọ Argentina, bẹ̀rẹ̀ sí í lo iṣan ẹsẹ̀ ní Cleveland, Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí ni lílà àyà gbòòrò àti dídá ọkàn dúró gbilẹ̀. Àárín ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn dókítà Federico Benetti ní Argentina àti Antonio Calafiore ní Ítálì gbé ojú ọgbẹ́ kékeré padà wá.

Wọ́n á fi òògùn kun aláìsàn lóorun, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan ni yóò sì máa fi mí. Dókítà á rọra tú iṣan kan kúrò lára ògiri inú àyà lápá òsì. Orí rẹ̀ lókè kò ní kúrò níbi tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé, tí wọ́n á sì fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí rán an mọ́ iṣan iwájú ọkàn, kọjá ibi tó dí. Ọkàn ń lù ní gbogbo àkókò yìí. Irinṣẹ́ kékeré kan ló ń di ojú ibi tí wọ́n ń rán mú kó má mì púpọ̀. Iṣan àyà yìí ni iyebíye inú iṣẹ́ náà: lẹ́yìn ọdún 10, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ iṣan ẹsẹ̀ á ti dí. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ fún. Iṣan ẹ̀yìn ọkàn ṣòroó dé láti ibẹ̀, nítorí náà wọ́n lè fi stent, ọ̀pá kékeré oníhò tó ń mú iṣan là sílẹ̀, sí àwọn iṣan yòókù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára kò ní lè fi ẹyọ kan mí. Fífẹ ìhà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì máa ń dunni gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún aláìsàn ṣáájú. Ṣùgbọ́n egungun àyà tí wọ́n là máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó jinná. Ẹni tí wọn kò la tirẹ̀ máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Aspirin àti statin kò ní dúró, torí ọ̀rá tó dí iṣan náà ṣì wà níbẹ̀.