Ibi tí Awò Awọ̀nàjíjìn ti Ṣẹ̀, àti Ọ̀rọ̀ Àgùàlà

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá." Ènìyàn ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè dáhùn: bí Àgùàlà kì í bá ṣe ajá òṣùpá, kí ni í ṣe? Ẹni tó bá dúró ní Ilé-Ifẹ̀ ní àṣálẹ́ tí àsìkò rẹ̀ tó, tí ojú ọ̀run sì mọ́, yóò rí i lápá ìwọ̀-oòrùn tí ó ń tàn bí àtùpà, ṣùgbọ́n kò ní rí ju ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lọ, nítorí pé ihò ẹyinjú ènìyàn, bó ti wù kó là tó nínú òkùnkùn, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 7 lọ. Ẹni tó bá gbé igò àti agbada sí gbangba nígbà tí òjò ń rọ̀ mọ èyí tí yóò gba omi jù. Iṣẹ́ agbada yẹn ni awò awọ̀nàjíjìn ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀.

Kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1608, Hans Lipperhey, tó ń ṣe awò ojú tà ní ìlú Middelburg ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tọ ìjọba lọ pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí ọ̀pá kan tó ní lẹ́ǹsì méjì, tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Wọ́n sanwó fún èyí tí wọ́n ní kó ṣe fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní ẹ̀tọ́ náà, nítorí pé àwọn mìíràn náà ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ ogun ló wà lọ́kàn wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, gbọ́ nípa rẹ̀ ní Ítálì, ó ṣe tirẹ̀, ó tún un ṣe títí tó fi ń sọ nǹkan di ìlọ́po 20, ó sì gbé e kọjú sókè. Ní oṣù kìíní ọdún 1610, ó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po. Kí ọdún náà tó parí, ó rí i pé Àgùàlà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus, a máa tínrín bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, a sì tún máa kún bí òṣùpá àrànmọ́jú, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ àfi bí Àgùàlà bá ń yí oòrùn po, tó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá takú pé ajá ni, ajá oòrùn ni kó pè é, bí ilẹ̀ ayé tiwa yìí náà ti jẹ́.

Gíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́ǹsì, ó sì yẹ kí ará Ifẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gíláàsì yìí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ jáde ní Igbó Olókun, wọ́n sì fi hàn pé àwọn èèyàn wa ti ń ṣe gíláàsì fúnra wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Lipperhey rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Àwọ̀ ni wọ́n ń wá, pàápàá àwọ̀ aró, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe awò ojú ń wá gíláàsì tó mọ́ gaara bí omi. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà, kì í ṣe pé ọgbọ́n iná kù sí ibì kan.

Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi dígí tó tẹ̀ bí abọ́ rọ́pò lẹ́ǹsì ní 1668, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ìyípadà tó yà mí lẹ́nu jù ti wá. Ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ariwo tó ń da ọ̀rọ̀ rú nígbà tí wọ́n bá fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá òkun, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Karl Jansky. Ó kan irin gbọọrọ tó ń gba ìgbì rédíò, ó sì gbé e lé táyà mọ́tò Ford kí ó lè máa yí i káàkiri. Ó mọ ariwo àrá, ó sì yà á sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ariwo kan ṣẹ́ kù tó ń ṣe ṣíì-ṣíì lábẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé láti ara oòrùn ni, àfi bó ṣe rí i pé wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56 ni ariwo náà fi ń padà yípo, kì í ṣe wákàtí 24. Ìràwọ̀ ló máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣíwájú oòrùn lójoojúmọ́. Ní 1933 ó kéde pé àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí àwa náà wà nínú rẹ̀ ni ariwo náà ti ń wá. Ní 1937, Grote Reber fi owó ara rẹ̀ kan abọ́ irin tó fẹ̀ ju mítà 9 lọ sí àgbàlá ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya àwòrán ojú ọ̀run tí ojú kò rí.

Ilé-iṣẹ́ Bell yìí kan náà ni Boyle àti Smith ti ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ní 1969, tí wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi rántí nǹkan. Ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní CCD, mọ ìmọ́lẹ̀ mú, òun ló sì lé fíìmù tí wọ́n fi ń ya àwòrán kúrò nídìí awò awọ̀nàjíjìn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù ń fi ṣòfò, òun ń gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Awò James Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà sí wa. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 6.5, ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń gbà ju ti ẹyinjú kan lọ ní ìlọ́po tó lé ní 600,000.

Ní Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, ibùdó kan wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1998, tó ní àjọṣe pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ nípa òfurufú àti sátẹ́láìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àgùàlà kò gba sátẹ́láìtì. Awò kékeré lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 40, tó. Bí Àgùàlà bá sún mọ́ ilẹ̀ ayé, tí oṣù tuntun sì lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá fojú sí ihò awò náà yóò rí oṣù tínínrín kan, yóò gbójú kúrò, yóò sì rí irú rẹ̀ lókè.