Kúdẹtì ni Ìwé Ìgbàgbọ́ Wa ti Ṣẹ̀

Ẹ bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìjọ lónìí pé níbo ni ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ìgbàgbọ́ gbé ayé ti wá, wọn a ní Amẹ́ríkà ni. Wọn a dárúkọ Tulsa, àti àwọn oníwàásù tí ìwé pẹlẹbẹ wọn gba ìgboro kan ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Èmi kò gbà. Tèmi ni pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí irú ìwé yìí sí èdè Yorùbá, ní àdúgbò Kúdẹtì, lásìkò tí ogun Ìjàyè sé gbogbo ọ̀nà mọ́ àwọn tó ṣe é. Orúkọ ìwé náà ni Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, ìtumọ̀ The Pilgrim's Progress. Ọdún 1866 ló jáde.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kọ ìtàn náà lóòótọ́. John Bunyan ni, tí wọ́n bí nítòsí Bedford ní 1628, tó ń kiri àdúgbò láti bá wọn tún ìkòkò irin ṣe. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọdún 12 nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1678. Ọkùnrin kan ló gbé ẹrù wúwo sẹ́yìn, tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó ń lọ sí ìlú ọ̀run. Ó rì sínú irà ìrẹ̀wẹ̀sì, ó bá ọ̀tá jà, ó gba inú ọjà asán kọjá, wọ́n tì í mọ́ inú ilé òmìrán. Àmọ́ kí gbogbo ogun ńlá wọ̀nyẹn tó dé ni ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ti já bọ́ lẹ́sẹ̀ àgbélébùú, tó yí gbirigbiri wọ inú ibojì. Kò san kọ́bọ̀. Kò rúbọ kankan. Oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn, ẹni tí kò mọ̀wé rárá á sì lóye rẹ̀ bí wọ́n bá kà á sí i létí.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n mú èrò ọ̀run náà wọ yàrá kan tí eruku ti bò, tí ẹnìkan ò gbá rí. Ọkùnrin kan mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, eruku sọ lálá, ó fẹ́ẹ̀ pa àlejò lẹ́mìí. Ni wọ́n bá ní kí ọmọbìnrin kan bu omi wá kó wọ́n ọn sílẹ̀. Ó wọ́n omi tán, yàrá gbá mọ́ tónítóní. Wọ́n wá ṣàlàyé fún un pé òfin ni ọkùnrin onígbàálẹ̀, ìhìn rere ni ọmọbìnrin olómi. Ta ni ìtumọ̀ èyí máa ṣòro fún nílùú wa? Ọmọdé Yorùbá wo ni wọn ò tíì sọ fún láàárọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ pé kó wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀? Ìyá arúgbó kan tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì lọ sọ ọ́ fún orogún rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé bí ìwé yìí ṣe dé ilẹ̀ Ìbàdàn ló ti di tiwa.

David Hinderer ló túmọ̀ rẹ̀. Ará Württemberg ní Jámánì ni, àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, ló rán an wá. Ó kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851, ó sì padà wá ní 1853 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna, láti máa gbé níbẹ̀. Kúdẹtì ni wọ́n fún wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn sí. Ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé ìyá òyìnbó náà lọ́wọ́ kó kọ́ wọn níwèé. Fífi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì kó lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kó lọ kọ́ ìwà kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ìwé ni iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí lọ kọ́. Mo sì rò pé ó yẹ ká fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé inú agbo ilé tí ọmọdé kún bámúbámú ni ìtumọ̀ yìí ti wáyé. Etí wọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn tó bá wọ́.

Ní 1860, ogun bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì ti ọ̀nà wọn. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó kò là. Lẹ́tà ò wọlé, owó ò wọlé, tọkọtaya náà sì ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó lè jẹun. Àfi ìgbà tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán èèyàn gba inú igbó wá ní 1865 ni Anna tó jáde, tí ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ó di 1866, ìwé ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn láàárín 1865, tí ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún kejì, ìgbà wo ló túmọ̀ rẹ̀? Inú ọkọ̀ ojú omi ni? Lójú tèmi, ọdún tí ojú ọ̀nà ti dí, tí kò síbi àtilọ, tí iṣẹ́ ìrìnàjò dúró, nìkan ló gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì gbà pé ará Jámánì kan jókòó níbẹ̀ lóun nìkan tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá. Daniel Olúbí wà níbẹ̀, ẹni tó bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ilé, tó sì wá di àlùfáà tó gba ìjọ Ìbàdàn lọ́wọ́ wọn. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ Olúbí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta á ní ọmọ Ẹ̀gbá ni Olúbí. Òótọ́ ni. Ìbàdàn ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn kan náà tún máa ń fi Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 halẹ̀ mọ́ wa. Ìwé ìròyìn nìyẹn, a kì í kà á fún ọkàn. Ti Ajayi Crowther lágbára ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó ti túmọ̀ Ìwé Róòmù jáde ní 1850, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ oore-ọ̀fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ ni Ìwé Mímọ́, mi ò kà á mọ́ irú ìwé tí mò ń sọ. Ti Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́? Ẹgbẹ́ aládùúrà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ka ìwé ìgbàgbọ́ tí ìjọ Faith Tabernacle ń fi ránṣẹ́ láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyẹn, Èrò-Mímọ́ sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọmọ Ìbàdàn kan náà sì wà lára àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ yẹn ga: Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó di ààrẹ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC), tó sì gorí oyè Olúbàdàn ní 1955.

Ọmọ tí ìwé Kúdẹtì bí pọ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ipa Bunyan hàn nínú iṣẹ́ D. O. Fágúnwà. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, CMS náà ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọdẹ tó gbéra nílé, tó ń bá iwin àti ebora pàdé lójú ọ̀nà, tí òǹkọ̀wé ń dá ìtàn dúró láti gba ọmọ aráyé nímọ̀ràn lórí ìwà. Igbó tiwa ni, ọ̀nà èrò ni.

Lẹ́yìn òmìnira, Daystar Press ń tẹ ìwé Kírísítì jáde, Ìbàdàn náà ni. Ìgbà tó yá ni ìwé àwọn ará Tulsa dé, àwọn pásítọ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn, ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́ sì dé orí fóònù. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọ Kúdẹtì àti àwọn atẹ̀wé Ìbàdàn ṣe ni pé kí wọ́n tún Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn kíkún, kí orúkọ Olúbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hinderer nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, kí wọ́n sì máa tà á ní owó tí ọmọ ilé-ìwé lè san.