Kì í ṣe kíkéré ló lé Pluto jáde

Ẹni tó bá kàwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọdún 2006, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ ọ, Pluto ló sì kẹ́yìn wọn. Ẹ bi onítọ̀hún lónìí pé kí ló dé tí wọ́n fi yọ Pluto, èsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ó ti kéré jù." Orúkọ tuntun tí wọ́n wá fún un, pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, tún gbe irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ yẹn ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Lóòótọ́, Pluto ò tóbi. Nǹkan bíi 2,377 kìlómítà ni ìbú rẹ̀, òṣùpá tiwa pàápàá jù ú lọ. Àmọ́ ẹ wo Ganymede, ọ̀kan lára àwọn òṣùpá Jupiter: 5,268 kìlómítà ni, bẹ́ẹ̀ Mercury, tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, ò ju 4,879 lọ. Tó bá jẹ́ títóbi ni wọ́n fi ń jẹ oyè yìí, Ganymede ì bá ti jẹ ẹ́ tipẹ́.

Ìgbà tí Clyde Tombaugh rí Pluto ní Arizona lọ́dún 1930, òun nìkan ni wọ́n mọ̀ lẹ́yìn Neptune. Láti 1992 ni wọ́n wá ń rí àwọn mìíràn níbẹ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó di 2005, Mike Brown àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí Eris, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Pluto ní ìbú, tó sì tún wúwo jù ú lọ. Bí Pluto bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, kí wá ni ká pe Eris?

Ohun tí àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò lé lórí nìyẹn ní Prague, ní August 24, 2006. Pílánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn ká. Ìwúwo ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fà á jọ títí ó fi rí roboto. Òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá lójú ọ̀nà tó ń tọ̀. Pluto yege nínú méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta ló gbé e ṣubú.

Ayé tiwa yìí ti gbé àwọn òkúta kan mì lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ti ti àwọn mìíràn dànù. Yàtọ̀ sí òṣùpá, wẹẹrẹ ni ìyókù. Àárín èrò ni Pluto ń rìn ní tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta oníyìnyín ló wà ní sàkáání rẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń wọ inú ọ̀nà Neptune: láti 1979 sí 1999, òun ló sún mọ́ oòrùn ju Neptune lọ. (Kíkéré náà lọ́wọ́ sí i o, torí ohun tó fúyẹ́ ò lè ti ẹgbẹ́ ẹ̀ kúrò lọ́nà. Àmọ́ kò sí ìbú kankan tí òfin náà kọ sílẹ̀.)

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Giuseppe Piazzi rí Ceres láàárín Mars àti Jupiter ní 1801, wọ́n sì ń kà á mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí wọ́n rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rẹpẹtẹ. Ni wọ́n bá yọ ọ́. Ìbò Prague tó já Pluto wálẹ̀ ló wá gbé Ceres, tí ìbú rẹ̀ ò tó 1,000 kìlómítà, kúrò láàárín àwọn àpáta lásán, tóun àti Pluto fi jọ ń jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì aràrá.