Ẹ Yé Bi Mí Bí Ọkọ̀ Ojú Irin Yẹn Ṣe Ń Sáré Tó

Ìbéèrè kan ti pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá ènìyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Òkèṣà, Iléṣà, n ó sì dáhùn rẹ̀ níbí kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ pọ̀. Oníbàárà á wọlé, á na fóònù sí mi, á fi fídíò ọkọ̀ ojú irin pupa kan hàn mí tó ń gun òkè oníyìnyín ní Swítsàlandì. "Àǹtí, èyí ni mo fẹ́ fi ṣe ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún mi." Inú mi á dùn, n ó gbé kàlẹ́ńdà jáde. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé wákàtí mélòó ló ń gbà. Mo ní mẹ́jọ. Kìlómítà mélòó? Mo ní 291. Ojú á yí padà lọ́gán. Wọ́n á ní irú ìyà wo nìyẹn, pé ọ̀nà Àbújá jìn ju ìyẹn lọ dáadáa, mọ́tò sì ń débẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́jọ yẹn náà.

Glacier Express ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1930 ló ti ń rìn láàárín Zermatt àti St. Moritz, àwọn tó ni ín gan-an ló sì ń fi yangàn pé kò sí ọkọ̀ ojú irin ayára tó lọ́ra tó o láyé. Afárá 291 ló ń gbà kọjá, ihò inú òkè 91 ló ń wọ̀ tó ń jáde, ó sì ń gòkè dé mítà 2,033 ní Oberalp. Níbi tí òkè bá ti le jù, irin eléyín kan wà láàárín ojú irin méjèèjì tí eyín abẹ́ ọkọ̀ náà ń há mọ́ kó má bàa yọ̀ padà sẹ́yìn. Ta ni yóò máa sáré nírú ibẹ̀?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ eré yìí ti wá. Rélùwéè ò gba Iléṣà kọjá. Òṣogbo ni àwọn bàbá wa ti ń lọ bá a láti ìgbà tí irin ti dé ibẹ̀ ní 1907, àwọn àgbà tó sì wọ ọkọ̀ Kano nígbà kan ṣì ń sọ̀rọ̀ ooru inú rẹ̀ àti bó ṣe ń dúró sínú igbó tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ ìdí. Lójú wa, ọkọ̀ ojú irin tó bá ń fà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń rọra wà á nítorí ohun tó wà lójú fèrèsé. Fèrèsé yẹn lẹ ń sanwó fún. Ẹni tó bá fẹ́ tètè dé, kó wọ bàálù.

Ìbéèrè tí mò ń retí, tẹ́nikẹ́ni kì í bi mí, ni pé apá wo ni kí n jókòó sí, àti pé ìgbà wo ni ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí. Bí ẹ bá wọ Bernina Express, ọkọ̀ ojú irin mìíràn ní Swítsàlandì, láti St. Moritz lọ sí Tirano ní Ítálì, apá ọ̀tún ni kí ẹ gbà. Apá ibẹ̀ ni adágún omi Lago Bianco wà, lókè Bernina níbi tí irin ti dé mítà 2,253, apá ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí yìnyín Palü tó rọ̀ sára òkè. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ dé Brusio, ọkọ̀ náà á yí po bí òṣùká lórí afárá olójú mẹ́sàn-án, á sì tún gba abẹ́ afárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó jókòó sápá òsì, ara ògiri òkè ló máa wò fún ọ̀pọ̀ nínú ìrìn yẹn.

Ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ gíláàsì. Kóòṣì àwọn àlejò ní fèrèsé tó ga dé òrùlé, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí. Bí oòrùn bá bà á báyìí, gèlè yín àti ojú ẹni tó jókòó lódìkejì ló máa jáde nínú fọ́tò, òkè ò ní jáde. Ọkọ̀ lásán tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ń gba ojú irin kan náà láti St. Moritz dé Tirano, kò nílò owó ìjókòó, ọ̀pọ̀ fèrèsé rẹ̀ sì ṣeé fà sílẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò, òun ni mo máa ń tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè tèmi lórí rẹ̀ kéré.

Oṣù Kejìlá ni gbogbo yín máa ń gba ìsinmi. Glacier Express kì í rìn rárá láti àárín oṣù Kẹwàá títí wọ inú oṣù Kejìlá, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ padà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ṣú. Nínú oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ wà títí kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n wá ọkọ̀ òru fún àwọn kí owó òtẹ́ẹ̀lì lè dínkù! Rocky Mountaineer ti Kánádà kì í rìn lóru rárá: bí ó bá ti ń lọ sí Banff láti Vancouver, á kó èrò sọ̀kalẹ̀ sí Kamloops kí wọ́n lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ á mọ́ kó tó gbéra, kí òkè kankan má bàa kọjá wọn lókùnkùn. Ìrìn ọkọ̀ ojú irin Flåm ní Norway kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ Kjosfossen, omi tó ń dà láti orí òkè, kí èrò bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ti afẹ́, Venice Simplon-Orient-Express lẹ máa ń dárúkọ. Kóòṣì ayé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe ni, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní 1982. Igi rẹ̀ ń dán, oúnjẹ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù kò ní ibi ìwẹ̀: básíà kan ló wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun kóòṣì. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa pè mí láti Paris. Rovos Rail ti South Africa, tó ń ti Pretoria lọ sí Cape Town àti Victoria Falls ní Zimbabwe, kò ní tẹlifíṣọ̀n, kò ní rédíò, yàrá yín nìkan ni ẹ sì ti lè lo fóònù. Bí ẹ bá fẹ́ ti Victoria Falls padà sí South Africa, físà South Africa tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ béèrè. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ yé ra yélò káàdì ní gáréèjì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ sì yé da òróró sórí páàsìpọ́ọ̀tù! Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n páàsìpọ́ọ̀tù tí òróró ti wọ ojú ewé rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n lè kọ̀ ọ́ lójú yín. Àkọsílẹ̀ báńkì tó fi ibi tí owó yín ti ń wá hàn ni àwọn tó ń fúnni ní físà ń béèrè. Owó tí ẹ yá lánàá tí ẹ kó síbẹ̀, wọ́n ń rí i.

Àwọn ajẹ́ntì ojú títì ló burú jù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ fún un kó lè wọ Bernina Express. Ọmọkùnrin kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù gba owó yẹn pátá, ó sì fún màmá ní ìwé kan tó ní nọ́ḿbà kóòṣì àti nọ́ḿbà ìjókòó. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ìwé ìjókòó ni. Lórí ọkọ̀ yẹn, ìjókòó lọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, owó méjì ni. Ọmọ náà san ti ìjókòó, ó kó ìyókù mì. Ọkọ̀ gbéra ní Chur, kọ́ndọ́kítọ̀ dé, ó wo ìwé, ó ní ìjókòó yín nìyí, tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Màmá tún fi ìwé kan náà hàn án. Wọ́n pe ọmọkùnrin yẹn, kò gbé e. Ni màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì lórí itan, ó ń ka owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jáde, àwọn èrò ń wò ó. Bí ó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni ọkọ̀ gun afárá Landwasser, tó ga ní mítà 65, tó tẹ̀ kọrọdọ wọ ẹnu ihò lára àpáta. Nítorí afárá yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe dáwó. Màmá ò rí i.

Nígbà tó dé, ó bi mí bóyá wọ́n lè bá òun gba owó náà padà. Mo wá àwọn ìwé náà wò, kò sí ohun tí a lè ṣe, nítorí ọmọ náà kò kọ rìsíìtì. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó tó kù fún ajẹ́ntì yòówù, títí kan èmi, ẹ ní kó gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì: èyí tó ní nọ́ḿbà ìjókòó, àti èyí tó ní ibi tí ẹ ti ń gbéra, ibi tí ẹ ń lọ àti iye owó ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ Swiss Travel Pass, ìwé tí àlejò fi ń wọ ọkọ̀ káàkiri Swítsàlandì, lẹ ní, òun ló dípò tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ṣì san ti ìjókòó. Ẹ gba rìsíìtì.